Ọ̀PÁ GÍGÙN, ẸRÙ WÚWO: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ LÍFÀ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ewì, ìtàn àti àṣà ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ẹ̀kọ́ físíìsì kan yẹ̀ wò ní èdè wa. Ẹ̀kọ́ náà ni ti lífà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí ó rọrùn jù lọ tí ọmọ aráyé ń lò.

Ìdí méjì ni a fi mú un. Èkínní ni pé ọ̀pọ̀ wa ti há òfin rẹ̀ sórí láti ilé ẹ̀kọ́ girama, a sì ti fi gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí ìyá wa nílé bá bi wá pé èé ṣe tí ọwọ́ ilẹ̀kùn fi jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kàn án mọ́, a ó kọ́kọ́ máa wo ojú ara wa. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Lọ́kọ́jà, ní Kàdúná tàbí ní Jọs pàápàá, a máa ń ṣe bí ẹni pé ìkíni àti ètò ìgbéyàwó nìkan ni Yorùbá wà fún, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni ìṣirò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, wọn kò rẹ̀yìn. Kódà, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Ìdí kejì kan ẹ̀yìn wa. Ní 2012 àti ní 2022, nígbà tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé kún àkúnya wọ Lọ́kọ́jà, omi wọ ilé lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Àdánkólò àti Gánájà, àwọn onílé sì ní láti kó ẹrù wọn sá fún un. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, agbára ni olúkúlùkù máa ń lò láti gbé fìríìjì, àpótí àti àpò oúnjẹ. Ẹ̀yìn ni í sì í san gbèsè rẹ̀. Kí a tó parí ẹ̀kọ́ yìí, a ó rí i bí ẹrù kílò 20 ṣe lè di kílò 200 lára ẹ̀yìn ẹni tí kò mọ bí a ti ń gbé e.

1. KÍ NI LÍFÀ?

Lífà ni ohun gbọọrọ tí kò tẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀pá, pákó tàbí irin, tí ó fara ti ibì kan, tí ó sì lè yí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ó máa lò jálẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí:

(a) Ìfaratì: ibi tí ọ̀pá náà fara tì, tí ó ti ń yí.
(b) Ẹrù: ohun tí a fẹ́ gbé, tàbí tí a fẹ́ ṣí, tàbí tí a fẹ́ gé.
(d) Agbára: títì tàbí fífà tí ọwọ́ wa ń ṣe.

Àlàfo tí ó wà láti ìfaratì dé ibi tí ẹrù wà ni a ó pè ní apá ẹrù. Àlàfo tí ó wà láti ìfaratì dé ibi tí ọwọ́ wa wà ni a ó pè ní apá agbára. Ẹni tí ó bá ti mọ apá méjèèjì yìí yàtọ̀ sí ara wọn ti mọ lífà.

2. ÒFIN LÍFÀ

Archimedes, ọ̀mọ̀wé ará Syracuse tí ó kú ní 212 ṣáájú ìbí Kristi, ni ó fi ìṣirò fìdí òfin yìí múlẹ̀. Òfin náà nìyí:

Agbára × apá agbára = ẹrù × apá ẹrù

Ẹ jẹ́ kí a fi òkúta dán an wò. Òkúta kò wọ́n ní Lọ́kọ́jà. Ẹni tí ó bá ti wa ìpìlẹ̀ ilé ní ẹsẹ̀ òkè Patti yóò jẹ́rìí wa. Ká ní òkúta kan wà nílẹ̀ tí ó wúwo tó kílò 270. Èyí ju àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún lọ. Mú ọ̀pá irin tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 200, kí o ti ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ òkúta náà. Fi òkúta kékeré kan sí abẹ́ ọ̀pá, ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí ẹnu rẹ̀. Òkúta kékeré yìí ni ìfaratì. Apá ẹrù jẹ́ 20. Ìyókù ọ̀pá, tí í ṣe apá agbára, jẹ́ 180. Bí a bá tilẹ̀ ní gbogbo ìwúwo òkúta náà ni ó wà lórí ẹnu ọ̀pá:

Agbára × 180 = 270 × 20
Agbára = 5400 ÷ 180 = 30

Kílò 30 péré! Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ ọ̀pá náà, kí òkúta sì mì. Ìlọ́po mẹ́sàn-án ni lífà yìí sọ agbára ẹni dà. Iye ìlọ́po bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní èrè ẹ̀rọ.

Àwọn tí ń ṣe físíìsì láàárín wa yóò wí pé newton ni a fi ń wọn agbára, kì í ṣe kílò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan bí 10 kan náà ni a fi ń sọ kílò di newton ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òfin yìí, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Kílò tó wa lò níhìn-ín.

Ẹ wá wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá sún ìfaratì náà dé àárín ọ̀pá. Apá méjèèjì di 100. Kílò 270 gan-an ni a ó nílò, ọ̀pá kò sì ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ọ̀pá kan náà ni, òkúta kan náà ni. Ibi tí a fi ìfaratì sí nìkan ni ó yàtọ̀.

Èyí náà ni ọgbọ́n àwọn tí ń lẹ táyà létí títì. Bí nọ́ọ̀tì táyà tírélà bá kọ̀ tí kò tú, wọn kì í pe ènìyàn márùn-ún wá fa sípánà. Páìpù gígùn ni wọ́n máa ń ki bọ ọwọ́ sípánà náà. Bí ọwọ́ sípánà bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí páìpù sọ ọ́ di 120, agbára kan náà yóò yí nọ́ọ̀tì náà ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹni tí kò bá gbà wá gbọ́, kí ó lọ sí ìdí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kí ó fi ìka kan ti ilẹ̀kùn náà níbi ọwọ́ rẹ̀. Yóò ṣí wẹ́rẹ́. Kí ó wá fi ìka kan náà tì í ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kàn án mọ́. Ìka yóò dùn ún kí ilẹ̀kùn tó mira. Ìdáhùn ìbéèrè ìyá wa nìyẹn.

3. KÒ SÍ Ọ̀FẸ́ NÍBẸ̀

Ẹnìkan lè bèèrè pé: bí kílò 30 bá gbé kílò 270, níbo ni ìyókù ti wá? Kò ti ibì kankan wá. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ohun tí a rí gbà lọ́nà kan, a ti san án lọ́nà mìíràn. Bí òkúta náà yóò bá gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 5, ọwọ́ wa gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ ṣírò rẹ̀: 270 × 5 jẹ́ 1350, 30 × 45 náà jẹ́ 1350. Iṣẹ́ tí a ṣe kò dín, kò sì lé. Lífà kàn fún wa láyè láti san gbèsè ńlá ní díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tí ń dá àjọ lójoojúmọ́ dípò kí ó wá gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí èyí ni àwọn tí ń yọ òkúta kì í fi í gbé e tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn á gbé e díẹ̀, wọn á fi igi tàbí òkúta wẹ́wẹ́ há a lábẹ́, wọn á tún ìfaratì gbé kalẹ̀, wọn á tún gbé e díẹ̀ sí i. Sùúrù ni wọ́n fi ń san ohun tí agbára wọn kò ká.

4. ORÍṢÌÍ LÍFÀ MẸ́TA

Ohun tí ó bá wà láàárín ni a fi ń mọ oríṣìí tí lífà kan jẹ́.

(a) Ìfaratì wà láàárín. Ọ̀pá irin tí a fi gbé òkúta wà nínú oríṣìí yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni púláyà, àlùmágàjí, àti òòlù tí a fi ń fa ìṣó yọ. Bí aṣọ bá nípọn, télọ̀ kì í fi ẹnu àlùmágàjí gé e; á tì í wọ inú títí yóò fi súnmọ́ ibi tí irin méjèèjì ti so pọ̀, kí apá ẹrù lè kúrú.

Ní Òkè Ọya, àwọn àgbẹ̀ Haúsá ní ọ̀pá ìfami kan tí wọ́n ń pè ní jígo. Irú rẹ̀ wà ní Íjíbítì láti ayé àtijọ́. Igbá ìfami so mọ́ ẹnu ọ̀pá náà, amọ̀ tàbí òkúta wúwo wà ní ìdí rẹ̀, igi kan sì gbé e dúró láàárín. Àgbẹ̀ á fa igbá òfìfo sísàlẹ̀ títí yóò fi kan omi. Bí igbá bá kún, ìwúwo ìdí ọ̀pá á bá a gbé e gòkè. Fífà sísàlẹ̀ rọrùn ju gbígbé sókè lọ, nítorí pé ìwúwo ara ẹni ń bá ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ìfami ti gba ipò rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò gbó.

(b) Ẹrù wà láàárín. Wilibárò ni àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Táyà iwájú ni ìfaratì, ẹrù wà nínú ọkọ̀, ọwọ́ wa wà lẹ́yìn. Ká ní àpò sìmẹ́ńtì méjì, tí í ṣe kílò 100, wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí ìdí táyà, tí ọwọ́ wa sì wà ní 150. Láì ka ìwúwo wilibárò fúnra rẹ̀, agbára tí a nílò jẹ́ 100 × 60 ÷ 150, ìyẹn kílò 40. Bí a bá ti àpò náà síwájú kí ó di sẹ̀ǹtímítà 45, kílò 30 ni yóò kù. Ẹrù kò dín, ṣùgbọ́n ọwọ́ fúyẹ́. Nítorí náà, ẹ̀bá táyà ni kí a kó ohun wúwo sí, kí a kó ohun fífúyẹ́ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn àti irin tí a fi ń ṣí ìgò mínírà wà nínú oríṣìí yìí pẹ̀lú.

(d) Agbára wà láàárín. Oríṣìí yìí ni ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú, nítorí pé èrè ẹ̀rọ rẹ̀ kò tó ọ̀kan. Ìgbálẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pá tí a fi ń fi ìwọ̀ pẹja. Ẹ lọ sí etí omi kí ẹ wo àwọn atukọ̀ wa bí wọ́n ṣe ń lo àjẹ̀. Ọwọ́ òkè tí ó di orí àjẹ̀ mú ni ìfaratì. Ọwọ́ ìsàlẹ̀ ni ó ń fà. Omi tí ewé àjẹ̀ ń tì sẹ́yìn ni ẹrù. Bí ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí ọwọ́ òkè, tí ewé àjẹ̀ sì wà ní 150, agbára tí ó dé inú omi jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún èyí tí ọwọ́ lò.

Ṣé òmùgọ̀ ni atukọ̀ ni? Rárá o. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá rìn ní sẹ̀ǹtímítà 40, ewé àjẹ̀ ti rìn ní 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Omi kì í le bí òkúta. Ohun tí atukọ̀ ń wá ni kí ewé àjẹ̀ yára, kí ó sì gbá omi púpọ̀ sẹ́yìn. Ó fi agbára ra ìrìn. Ẹni tí ń gbé òkúta fi ìrìn ra agbára. Òfin kan náà ni àwọn méjèèjì ń pa mọ́.

5. LÍFÀ NÍNÚ ỌJÀ

Ìlú òwò ni Lọ́kọ́jà láti nǹkan bí 1860 tí Dókítà William Balfour Baikie ti dá ibùdó sí ìpàdé odò méjèèjì. Níbi tí òwò bá sì wà, ìwọ̀n wà níbẹ̀. Ìwọ̀n aláwo méjì jẹ́ lífà tí apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bí apá bá dọ́gba, ó di dandan kí ìwúwo dọ́gba kí ọ̀pá tó dúró gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ọgbọ́n sún ìfaratì rẹ̀ díẹ̀ ńkọ́? Ká ní apá kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, èkejì jẹ́ 22. Ó gbé irin kílò 1 sí apá kúkúrú, ó sì bu ọjà sí apá gígùn títí ọ̀pá fi dúró. Ìwúwo ọjà náà jẹ́ 20 ÷ 22, ìyẹn bí gíráàmù 909. Gíráàmù 91 ti bọ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ọ̀pá sì dúró gbọọrọ lójú rẹ̀. Ojú lásán kò lè mú un.

Òògùn rẹ̀ kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ ní kí ó pààrọ̀ wọn: kí irin bọ́ sí ibi tí ọjà wà, kí ọjà bọ́ sí ibi tí irin wà. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ òtítọ́, ọ̀pá yóò tún dúró gbọọrọ. Bí ó bá jẹ́ èké, apá kan yóò já wálẹ̀ lójú gbogbo ọjà.

6. LÍFÀ INÚ ARA WA

Àwọn baba wa pe egungun tí ó gbé wa ró ní ọ̀pá ẹ̀yìn. Ọ̀pá náà ni lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́. Ìgúnpá ni ìfaratì. Iṣan iwájú apá so mọ́ egungun ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sí ìgúnpá, nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ wà ní nǹkan bí 35. Bí a bá di ẹrù kílò 5 mú, tí a tẹ apá níbi ìgúnpá, iṣan náà gbọdọ̀ fa 5 × 35 ÷ 5, ìyẹn kílò 35. Oríṣìí kẹta ni, bí àjẹ̀ atukọ̀. Ọlọ́run fún wa ní ọwọ́ tí ó yára, kò fún wa ní ọwọ́ tí ń gbé òkúta.

Ti ẹ̀yìn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ gbé ẹrù, ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn ni ìfaratì. Iṣan tí ń fa ẹ̀yìn dìde kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 lọ sí i. Bí a bá na ọwọ́ gbé ẹrù kílò 20, tí ẹrù náà sì wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan yẹn gbọdọ̀ fa 20 × 50 ÷ 5. Kílò 200 nìyẹn, a kò sì tíì ka ìwúwo orí àti àyà tí ó tẹ̀ síwájú. Bí a bá fa ẹrù kan náà mọ́ra títí ó fi di sẹ̀ǹtímítà 20, kílò 80 ni yóò kù. Ẹrù kan náà, ènìyàn kan náà.

Nítorí náà, ẹni tí ó fẹ́ gbé ẹrù nílẹ̀, kí ó súnmọ́ ọn, kí ó tẹ orúnkún, kí ó má ṣe tẹ ẹ̀yìn, kí ó fa ẹrù mọ́ àyà, kí ó tó fi ẹsẹ̀ dìde. Ẹ wo àwọn ìyá wa àti àwọn aláàárù tí wọ́n ru ẹrù lérí: ẹrù wà gan-an lórí ọ̀pá ẹ̀yìn, apá ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, ẹ̀yìn kò sì ní láti fà á. Ọrùn ń jẹ tirẹ̀ lóòótọ́, kò sì yẹ kí a di ẹrù àpọ̀jù lé ẹnikẹ́ni lórí, ṣùgbọ́n ọgbọ́n wà nínú àṣà náà.

Bí omi bá sì tún kún, tí a ní láti sáré kó ẹrù, ọ̀pá gígùn kan àti wilibárò kan lè gba ẹ̀yìn ènìyàn púpọ̀ là. Kí a ti pákó bọ abẹ́ fìríìjì kí a fi gbé ìdí rẹ̀ sókè, kí a ti wilibárò sábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá gbá a mọ́ àyà.

7. ÌBÉÈRÈ

(i) Adé àti Bọ́lá fi ọ̀pá tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 200 ru ẹrù kílò 60 léjìká. Ẹrù náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí Adé. Kílò mélòó ni ó wà léjìká ẹnì kọ̀ọ̀kan?

(ii) Ẹ̀mú tí alágbẹ̀dẹ fi ń mú irin gbígbóná jáde nínú iná ní irin méjì tí a kàn pọ̀ láàárín. Oríṣìí lífà wo ni?

(iii) Òkúta kan wúwo tó kílò 200. Ọ̀pá wa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 150, agbára wa kò sì ju kílò 40 lọ. Níbo ni kí a fi ìfaratì sí?

Ìdáhùn: (i) Kílò 45 wà léjìká Adé, kílò 15 wà léjìká Bọ́lá, ẹni tí ó súnmọ́ ẹrù ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀. (ii) Oríṣìí kìn-ín-ní. (iii) Ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí òkúta.

Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá yàtọ̀, kí ó mú ìwé àti bírò wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, kí a jọ tún un ṣe. Yorùbá ni a ó fi ṣe é.